Ọmọ Tó Tẹ́wọ́ Gba Ẹgba

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeè ni. Aránṣọ jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, ó ń rán aṣọ funfun kan tí oníbàárà fẹ́ wá gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa bọ́tìnì sínú agolo.

Bí ọmọ náà ṣe dìde, ìgúnpá rẹ̀ gbá ìgò epo ẹ̀rọ. Epo dà sórí aṣọ funfun.

Aránṣọ mú rúlà onígi tó fi ń wọn aṣọ, ó gbé e sókè.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló bà á lẹ́rù. Ọmọ náà ò sá, kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Ó dijú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wúyẹ́wúyẹ́: "Ení, èjì, ẹ̀ta..."

Bí Aránṣọ fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò kọ́ ọmọ náà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Rúlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Kò rí èémí fà. Ìka rẹ̀ kú. Ó di tábìlì mú, ó rò pé òun ń kú lọ nìyẹn lójú ọmọ òun.

"Mọ́mì," ọmọ náà ní, kò tíì la ojú, "ẹ ò tíì nà mí."

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àyà Aránṣọ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Bí ilẹ̀kùn bá gbá gbàgà, bí oníbàárà bá jágbe, ẹ̀rù á kàn bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti gbà pé àìsàn ọkàn ni, kò sì lọ rí dókítà, kó má baà lọ gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀, Màmá Àgbà, tó ń bá wọn gbé, sìn ín lọ sílé ìwòsàn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Àwọn tó kọ́ níwèé, tí àwọn náà ti di bàbá ọlọ́mọ, ṣì máa ń sọdá sí òdìkejì títì tí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà sì fi ẹ̀rọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò. "Ọkàn yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa," nọ́ọ̀sì ní.

Ẹ̀rù tún ba Aránṣọ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kì í bá ṣe ọkàn, ṣé orí òun ló ń dàrú?

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan," nọ́ọ̀sì ní. "Ṣé kí Màmá bọ́ síta díẹ̀?"

Aránṣọ rò ó. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó."

"Kí lẹ ń ṣe lánàá kó tó bẹ̀rẹ̀?"

Ó rò ó fún un, títí dórí ení, èjì, ẹ̀ta, tí òun náà máa ń kà nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Ta ló máa ń nà yín nígbà yẹn?"

Aránṣọ ń wo ilẹ̀. Màmá Àgbà ló dáhùn: "Èmi ni. Mo nà án kó lè dáa ni. Wọ́n na èmi náà, kò sí ohun tó ṣe mí."

"Màmá, mi ò bá yín wí," nọ́ọ̀sì ní. "Ọmọ tí wọ́n bá ń nà lemọ́lemọ́, ara rẹ̀ á máa ṣọ́nà fún ewu. Á dàgbà, ewu á ti lọ, ara ò ní mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n nà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń gbé ẹ̀rù kiri, tàbí ìbànújẹ́, tàbí ìbínú òjijì, tí wọn ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé wèrè ni?" Aránṣọ béèrè.

"Rárá. Ẹ̀rù tó ti pẹ́ lára ni, ó sì ní ìtọ́jú. A ní ẹni tí ẹ óò máa wá bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá gba oògùn, dókítà á sọ."

Màmá Àgbà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé ẹ̀rù mi ṣì ń bà ọ́?"

"Bí mo bá gbọ́ ìró bàtà yín, Màmá, mo máa ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró."

Ìyá àgbà yọ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo ṣe. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà lára rẹ."

Oṣù márùn-ún ti kọjá. Aránṣọ ṣì ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rù náà ṣì máa ń dé, àmọ́ kì í pẹ́ mọ́, Aránṣọ sì ti mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò ní nà án mọ́. Ọmọ ò gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ tó fọ́ ife, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sá sí. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ó fi jáde, àwọn méjèèjì sì jọ gbá àfọ́kù náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà: bí inú bá bí yín, ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ títí inú yín á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ọmọ ṣe tí kò dáa fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó bá yín tún un ṣe. Bí wọ́n bá nà yín ní kékeré, tí àyà yín ń já láìnídìí, tí oorun ò kùn yín, tàbí tí ayé sú yín, ẹ má fi ṣe àṣírí, ẹ má sì sọ pé àwọn ayé ni. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bí ẹ bá sì gbọ́wọ́ sókè tí ọmọ dákẹ́ lójijì, ẹ má rò pé ó ti gbọ́n. Ẹ̀rù yín ló ń bà á.