Ẹ̀rọ Tó Dá Súfèé Padà Sẹ́nu Clarrie

Níbi tiwa ní Monaro, ilẹ̀ àwọn olùsìn àgùntàn, bí Biddy ajá Clarrie Tulloch bá wà lórí òkè, tí Clarrie wà nísàlẹ̀, súfèé kan ṣoṣo ti tó. Ajá á dọ̀bálẹ̀, àgùntàn á dúró. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ìdíje ajá darandaran bẹ̀rẹ̀, Clarrie ṣẹnu ṣóńṣó, ikọ́ ló jáde. Biddy kàn jókòó, ó ń wò ó.

Èmi Val, tí ilẹ̀ mi bá tiwọn pààlà, mo mọ ohun tó fà á. Àádọ́ta ọdún tí Clarrie fi rẹ́ irun àgùntàn ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, kì í lè sùn. Dókítà wá kọ igbó ìwòsàn fún un. Ẹ má ranjú mọ́ mi o, ìwé dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀! Àmọ́ kí ni Clarrie ṣe? Ó po ewé mọ́ tábà, ó ki rọ́bà ìbomirin ọgbà bọ ìgò omi ọsàn légbẹ̀ẹ́, ó ń gba ẹnu rọ́bà náà fa èéfín bí a ti ń ṣe nígbà èwe.

Noelene ìyàwó rẹ̀ figbe ta. "Ẹ̀yìn lo ń wò, o wá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́!"

"Fi mí sílẹ̀, Noelene. Mo ti ra ẹ̀rọ tó ń mú ewé gbóná."

Ọjà ọjọ́ Àìkú ló ti rà á, ó pọ́ọ́kú. Ó tàn án, ilé ń rùn bíi bàtà rọ́bà tó bọ́ sínú iná. Noelene wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Thuy, apòògùn wa. Èmi náà tẹ̀lé wọn. Ta ni ò ní fẹ́ rí i?

Thuy gbóòórùn ẹ̀rọ náà, ó gbé e sílẹ̀ kíá. "Ọ̀gbẹ́ni Tulloch, ike ló wà lójú ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀. Òórùn ike lẹ ń fà sínú." Ó mú òmíràn jáde, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Èyí, ìjọba fọwọ́ sí i fún ìwòsàn. Irin àti dígí ni ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa yan bó ṣe máa gbóná tó, bátìrì rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀."

"Iná rẹ̀ dà?" Clarrie bi í.

"Kò níná. Ooru ló ń lò, kì í jó ewé. Ẹ lọ ewé díẹ̀, kó má di lúbúlúbú. Ẹ má kì í mọ́lẹ̀, kí atẹ́gùn ríbi gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọgọ́sàn-án dígírì, ẹ dúró kó gbóná, kẹ́ ẹ wá rọra fà á. Ẹ máa fi sípíríìtì nù ún. Tábà ńkọ́? Ó ti parí nìyẹn!"

Lọ́jọ́ kejì, ó lò ó lójú wa. Kò sí èéfín. Nígbà tó tú u, ó da ewé náà sí mi lọ́wọ́. Kò di eérú! Ó pọ́n bíi tíì gbígbẹ, ó pé pérépéré. Ha, Ọlọ́run ò! Mo ti ń wo ènìyàn fa igbó láti ọmọdé, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ikọ́ ò lọ lọ́jọ́ kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dín kù.

Ọjọ́ ìdíje, Noelene ló wakọ̀. Thuy ti kì wọ́n nílọ̀: ọlọ́pàá tó bá rí igbó nínú itọ́ awakọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kò ní bèèrè ìwé dókítà. Clarrie dúró, ó ṣẹnu ṣóńṣó. Ọwọ́ Noelene di tèmi mú. Súfèé náà jáde, ó lọ geere dé orí òkè, Biddy sì dọ̀bálẹ̀ wìì. Àgùntàn mẹ́ta dúró gbagidi. Noelene bú sẹ́kún, èmi ń pàtẹ́wọ́. Ipò kẹrin ni wọ́n gbà, ta ló bìkítà?

Ẹ̀yin tí dókítà kọ ewé fún, ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ tí ìjọba fọwọ́ sí, tí ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀ kì í ṣe ike, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má fi tábà kún un, ẹ má mú un gbóná jù, ẹ máa nù ún, ẹ má sì wakọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lò ó. Kò túmọ̀ sí pé kò léwu rárá o, bí àyà bá ń dùn yín, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀yìn ń dùn yín, òótọ́ ni. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ìtọ́jú ẹ̀yìn gba èémí tẹ́ ẹ fi ń pe ajá yín wálé.