Ìkaraun Inú Òkúta Kejì

"Gbà, fi sínú ìbọ̀sẹ̀ ẹ," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí lẹ́yìn yàrá ìdánwò, ó sì na ìwé pélébé kan sí i. "Orúkọ òkúta kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa ní ká dá mọ̀ nínú ìdánwò ni. Gbogbo kíláàsì ló ti ní i."

Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Kí-ló-dé, torí pé ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ka ìwé náà. Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan; bó bá tún fìdí rẹmi, yóò tún kíláàsì kà. Síbẹ̀, ó dá a padà.

"Ojú mi ò fọ́. Màá wò ó fúnra mi."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó dàárọ̀ o!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìwé náà ní òkúta yanrìn ni òkúta kejì, torí pé kò ní ìkaraun. Lóòótọ́, nígbà tí Kí-ló-dé gbé e nínú yàrá ìdánwò, kò rí ìkaraun kankan. Ó yí i sí ojú fèrèsé. Ìlà róbótó kan ń dán bíi dígí, ó rí bí ìkaraun ìgbín gan-an.

Ó rántí ọ̀rọ̀ màmá rẹ̀, tó ń wa ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta: "Ìsàlẹ̀ òkun nibí tẹ́lẹ̀. Ìkaraun àti ẹrẹ̀ funfun ń rọ̀ lé ara wọn, wọ́n tẹ ara wọn títí omi fi fún jáde. Omi mìíràn wá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń yọ́ ìkaraun. Ohun tó yọ́ yẹn ló tún gan, tó dí ojú ihò, tó sì lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òkúta ò jókòó lásán o, ọmọ mi, ó ń yí padà."

Ó kán ásíìdì sí i. Ó hó yaya, ohun tí òkúta yanrìn kì í ṣe. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Òkúta ẹfun ni. Ìkaraun rẹ̀ ti yọ́, àmọ́ àmì rẹ̀ ṣì wà."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ kó ìwé wọn wọlé. "Ẹni mẹ́tàdínlógún ló kọ òkúta yanrìn, gbogbo yín sì ṣi 'yanrìn' kọ bákan náà! Òkúta ọdún tó kọjá lẹ dáhùn. Òdo! Ẹ ó tún un ṣe."

Kí-ló-dé nìkan ló gba ogójì nínú ogójì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Jọ̀ọ́, kọ́ mi."

Kí-ló-dé kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jọ lọ bá màmá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ náà sì yẹ òkúta wò títí ọwọ́ rẹ̀ fi funfun. Nínú ìdánwò àtúnṣe, ó gba mẹ́tàlélógún.

"Kò pọ̀," ó wí, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, "àmọ́ èmi ni mo gbà á."

Ohun tí àwọn méjèèjì kọ́ nìyí: ìdáhùn tí a jí kò mọ ìbéèrè tó wà níwájú wa. Ojú àti ọpọlọ wa ló mọ̀ ọ́n.