Ìkìlọ̀ Tí Wọ́n Pa Lẹ́nu Mọ́ ní Kofar Doya

Bí iná bá lọ ní Kofar Doya, àdúgbò kan lókè Ọya, tí ó sì padà dé, ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú káfè Ọlátẹ́jú. Àwọn kọ̀ǹpútà á jí, wọ́n á sì máa rò pé ọdún 2002 ni a wà, nígbà tí gbogbo ayé ti wà ní 2007. Bátìrì kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ ti kú nínú gbogbo wọn, Ọlátẹ́jú kò sì rò ó kan pé kí òun pààrọ̀ rẹ̀.

Nítorí ọjọ́ tó ṣì yìí, bí ènìyàn bá fẹ́ ṣí ímeèlì, kọ̀ǹpútà á gbé ìkìlọ̀ jáde pé ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ lára, tó ń fi hàn pé ojúlówó ni ojú ìwé náà, kò dá òun lójú: ṣé kí òun tẹ̀síwájú, àbí kí òun dúró? Ẹ̀rù á ba oníbàárà. Ọlátẹ́jú á wà nídìí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n á ti máa pè é.

"Màláàmù, zo nan," ẹnì kan á fi Haúsá pè é pé kó máa bọ̀.

"Bùrọ̀dá Tẹ́jú, ẹ wá wo ohun tí eléyìí ń sọ."

Ó sú Ọlátẹ́jú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ibi ètò tó ń darí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣí ojú ìwé. Ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n máàkì, pé kí kọ̀ǹpútà máa kìlọ̀ bí ìwé ẹ̀rí kan bá mẹ́hẹ. Ó yọ máàkì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Orí rẹ̀ wú, ó ń fọ́nnu kiri pé òun ti wò wọ́n sàn.

Ràfíátù wà lára àwọn tó ń wá síbẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, onídìrí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kofar Kware. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ló máa ń wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lẹ́tà Quadri, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló máa ń kà. Quadri lọ kàwé ní Màléṣíà, àìsàn mú un lọ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ràfíátù kò fojú kan sàréè rẹ̀. Lẹ́tà mọ́kànlélógójì àti fọ́tò mẹ́ta tó wà nínú ímeèlì nìkan ló kù fún un. Ọlátẹ́jú mọ̀, torí òun ló ṣí ímeèlì náà fún un lọ́dún tí Quadri rìnrìn àjò.

Ní Jímọ̀ kan, Ràfíátù tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ìyẹn páásìwọ́ọ̀dù, lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé.

"Bùrọ̀dá Tẹ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Bóyá mo ṣì í tẹ̀ ni."

Ọlátẹ́jú náà tẹ̀ ẹ́ títí. Ohun tó jáde ni pé wọ́n ti ti àpótí lẹ́tà náà pa, nítorí pé wọ́n fi kọ lẹ́tà jìbìtì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò kọ lẹ́tà sí ẹnì kankan mọ́?"

Ọlátẹ́jú kọ̀wé bẹ ilé iṣẹ́ tó ni ímeèlì náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì dé: wọ́n ti pa gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà rẹ́.

Ọkàn Ọlátẹ́jú kò balẹ̀ mọ́. Ó pe Ìkẹ́olúwa, àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní kọ̀ǹpútà ní Gagi, pé kó wá bá òun yẹ káfè wò. Ìkẹ́olúwa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò pẹ́ tó fi bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló yọ ìkìlọ̀ ìwé ẹ̀rí kúrò níbí?"

"Èmi ni, Kọ́pà. Ó ń da àwọn oníbàárà láàmú ni. Kò kúkú sí nǹkan kan, ọjọ́ ló máa ń ṣì."

"Tó bá jẹ́ ọjọ́ ló ṣì, ọjọ́ ló yẹ ká tún ṣe."

Ó tún ọjọ́ ṣe, ó dá máàkì padà sáyè rẹ̀, ó wá ṣí ojú ìwé ímeèlì. Ìkìlọ̀ jáde.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Ọjọ́ ti pé, síbẹ̀ ó ń kìlọ̀. Ẹ ka ìdí tó sọ. Orúkọ tó wà lára ìwé ẹ̀rí yìí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ímeèlì yẹn. Ayédèrú ojú ìwé ni. Ẹnì kan ló dọ́gbọ́n gbé e sáàárín káfè yín àti ilé iṣẹ́ náà, gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n ń tẹ̀ níbí, ọwọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Kọ̀ǹpútà fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin lẹ ní kó dákẹ́."

Ojú ti Ọlátẹ́jú. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè jókòó.

Ó lọ sí Kofar Kware fúnra rẹ̀ lọ jẹ́wọ́. Irun ni Ràfíátù ń dì lọ́wọ́. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, kò bú u. Ó kàn gbé òòyà sílẹ̀.

"Bùrọ̀dá Tẹ́jú, ẹ̀yin lẹ bá mi ka lẹ́tà tí Quadri kọ nípa òjò ibẹ̀ yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. Mo rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Báwo ló ṣe parí rẹ̀?"

Ọlátẹ́jú ronú títí. Òun náà kò rántí.

Ẹ̀yin tí ẹ ni káfè àti ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé ìwé ẹ̀rí ojú ìwé kan kò dá òun lójú, ẹ má kàn tẹ̀síwájú, ẹ má sì wá bí ẹ ó ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Bó bá ṣì, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì. Bí ọjọ́ bá pé tí ìkìlọ̀ kò lọ, ẹ pa ojú ìwé náà dé, ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan síbẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ kò lè rí irú rẹ̀ gbà mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé.

Ọlátẹ́jú ti ra bátìrì tuntun sí kọ̀ǹpútà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìkìlọ̀ sì ń jáde bó ṣe yẹ. Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, kò sẹ́ni tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́.