Àyẹ̀wò Ìyá Ọkọ

“Má fọwọ́ kàn án.” Ohun tí obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn kọ́kọ́ sọ fún káfíńtà nìyẹn, lọ́jọ́ tí ó wá tún kọ́bọ́ọ̀dù yàrá àyẹ̀wò ṣe. Eruku pákó ń fò lọ sórí tábìlì obìnrin náà, ó sì lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Káfíńtà bẹ̀bẹ̀, ó nu tábìlì náà mọ́ tónítóní, ó sì sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án lójú ẹsẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù dára tán, ọ̀gbẹ́ni ò yéé wá wò ó. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nígbà tí kókó kan yọ sí itan ìyá káfíńtà. Jẹjẹrẹ inú ẹran ara ni. Dókítà gé e kúrò, ó gé díẹ̀ mọ́ ọn lára ẹran tó yí i ká. Wọ́n fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo etí ibi tí wọ́n gé, wọn ò rí nǹkan kan. Gbogbo ẹbí dúpẹ́.

Ó wá ku àyẹ̀wò ti Má-fọwọ́-kàn-án, èyí tó ń wá àmì jẹjẹrẹ nínú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí ojú awò ò dé. Nọ́ńbà ló máa ń wà lára ìgò tí wọ́n ń kó ẹran àyẹ̀wò sí, kì í sí orúkọ. Àmì yọ ní etí kan. Ó tún un ṣe, ó tún yọ. Ìgbà tí ó gbé èsì lọ bá dókítà ló tó mọ̀ pé ìyá àfẹ́sọ́nà òun ni.

Dókítà bi í bóyá ó dá a lójú. Má-fọwọ́-kàn-án mọ̀ pé bí òun bá ṣiyèméjì, wọn ò ní gé màmá mọ́, ìgbéyàwó á sì lọ wẹ́rẹ́.

“Ó dá mi lójú, sà.”

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà lóbìnrin fárígá. Ó ní ìyàwó tí kò tíì wọlé ti fẹ́ gé ìyá àwọn lẹ́ẹ̀mejì, tó bá wọlé tán ńkọ́? Káfíńtà dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì dun olólùfẹ́ rẹ̀ ju èébú lọ.

Màmá ránṣẹ́ pe Má-fọwọ́-kàn-án síbi bẹ́ẹ̀dì. “Ṣé o ò lè bá mi fi èsì yìí pa mọ́ ni, ká fi ṣe ìgbéyàwó?”

“Mo lè fi pa mọ́, Màmá. Ara yín ni kò ní fi pa mọ́.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n pe dókítà.

Wọ́n tún un gé, wọ́n sì bá ìyókù jẹjẹrẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo etí mọ́. Káfíńtà wá bẹ olólùfẹ́ rẹ̀, ó ní ojú ń ti òun pé òun ò gbè é lẹ́yìn. Obìnrin náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ kó tó dárí jì í.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú màmá lọ sílé, ẹ̀gbọ́n ní kí ìgbéyàwó dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ màmá bá jinná. Màmá di ọwọ́ Má-fọwọ́-kàn-án mú.

“Ẹ ṣe ìgbéyàwó náà kíákíá. Ó mọ̀ pé ọkọ lè bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì tún sọ òótọ́ fún mi. Èmi ò ní jẹ́ kóun náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”