Ẹja Àsìn Ni

"Ṣé ẹja odò ni?" Màmá Ghislain, tó ń se oúnjẹ tà lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, tẹ ìka mọ́ ẹja àrọ̀ tó ń jà nínú bàsíà Prisca.

Táńtì Murielle, tó ń ta ẹja tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣẹ́jú sí Prisca. Ọmọ náà mọ ohun tó ń wí: kó sọ pé ẹja odò ni. Ní ọjà Adja-Ouèrè, bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹja àsìn, wọ́n á yínmú. Ọjà mẹ́ta rèé tí ẹja Prisca ń padà sílé. Bàbá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ti òní kò bá tà, òun yóò rọ́ yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò ẹja tí àwọn méjèèjì jọ gbẹ́, òun yóò gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.

"Ẹja àsìn ni, Màmá. Nílé wa ní Kpoulou la ti sìn ín. Ọjọ́ méjì ló ti wà nínú omi tó mọ́ láìjẹun, kí inú rẹ̀ lè mọ́."

Màmá Ghislain pòṣé, ó yà sọ́dọ̀ Murielle, tó ń búra pé odò Ouémé ni wọ́n ti kó tòun. Ó ra mẹ́wàá.

"Orí kunkun rẹ yìí!" ni Murielle wí. "Kí ni irọ́ kékeré ń ṣe fún ènìyàn?"

Inú bí Prisca. "Táńtì, èmi ni mo ń bọ́ wọn kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Mi ò ní gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi fún odò!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ gbé ṣọ́bìrì. Prisca wọ inú kòtò náà, omi dé orúnkún rẹ̀.

"Bàbá, orí mi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu ọmọ. Ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò jáde.

Ibẹ̀ ni alùpùpù ti gbé Màmá Ghislain dé, ó na ọ̀rá kan sókè. "Ẹ wo ohun tí mo bá nínú ẹja odò Murielle!" Oúnjẹ ẹja ni, hóró-hóró, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò fún àwọn tó ń sin ẹja. "Ó yá, ẹ la tiyín kí n rí i."

Prisca na ọwọ́ sí bàsíà tó wà létí kòtò, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ẹja tó kó padà láti ọjà, ó fi ọ̀bẹ là á. Inú rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Kó ogún fún mi," ni obìnrin náà wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá sọ pé ẹja àsìn ni."

Bàbá rẹ̀ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Jáde nínú omi, alágídí ọmọ!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ń yínmú sí ohun tí ẹ fi òógùn yín ṣe, ẹ má fi irọ́ bò ó. Ẹ ṣe é dáadáa, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ sókè.