Káfíńtà Tó Ní Kí Wọ́n Tún Ìdajì Orúnkún Òun Ṣe

Ológbò ni wọ́n ń pe káfíńtà yìí. Tó bá ń rìn lórí igi òrùlé, àwọn tó wà nílẹ̀ ló máa ń gbọ̀n. Ó ti jáwọ́ nínú ọtí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Èébú ni ìyàwó rẹ̀ fi ń jẹun àárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, igi yẹ̀. Ológbò gidi a máa fẹsẹ̀ balẹ̀. Tiwa yìí forúnkún balẹ̀.

Dókítà ní, "Iṣan méjì ló já, ọ̀kan láàárín orúnkún, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún méjèèjì ṣe. Tá a bá fi ọ̀kan sílẹ̀, á ba èkejì jẹ́."

"Ẹ tún ti àárín ṣe. Ti ẹ̀gbẹ́ á san fúnra rẹ̀. Òrùlé ń dúró dè mí!"

Dókítà ṣàlàyé títí, ó sú u. Wọ́n ṣe ọ̀kan.

Oṣù ń gorí oṣù, Ológbò ń làágùn lórí kó ká ẹsẹ̀, kó nà án. Ọjọ́ tó fẹsẹ̀ kan àkàbà báyìí, orúnkún yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n tún ṣe tún já!

Nílé, lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bú dókítà, ó bú àkàbà, ó sọ ife mọ́ ògiri, ó wá bú ìyàwó rẹ̀ tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíríkìlà wọlé. "Ta lo tún ń bú?"

"Dókítà! Iṣẹ́ tó ṣe ò dúró!"

"Ìdajì tó o ní kó ṣe ńkọ́?"

Ológbò fa aṣọ bo orúnkún.

"Bó o ṣe ṣe fún Ọlọ́run náà nìyẹn. O fi ọtí sílẹ̀ nítorí rẹ̀, o di ìgbéraga àti ẹnu burúkú mú. Ọ̀rẹ́ mi, Jésù ò kú fún ìdajì rẹ."

Ológbò fẹ́ dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa àfọ́kù ife láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó ti mọ́ lára.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn, bóyá ìyàwó mìíràn ló wọlé.

"Mo fẹ́ gbàdúrà," Ológbò ní. "Ṣé kí n kúnlẹ̀?"

Bíríkìlà ní, "Orúnkún wo? Dùbúlẹ̀ síbẹ̀, Ọlọ́run ń gbọ́."

Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti fi ara rẹ̀ fún Jésù pátápátá, tẹkúntẹkún.

Wọ́n ti tún iṣan méjèèjì ṣe báyìí. Ẹsẹ̀ náà ṣì le, ilẹ̀ ló ti ń gé igi fáwọn tó ń gòkè. Ó ń dùn ún, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín nínú ilé.

Ìwọ tó ń kàwé yìí ńkọ́? O ti fi sìgá sílẹ̀, ò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí lo wá fi pa mọ́ fún Olúwa? Má sọ pé ó dọ̀la. Ta ló bá ọ bá ọ̀la ṣàdéhùn? Bó o jókòó, bó o dúró, ibẹ̀ yẹn gan-an, sọ fún un lónìí pé: "Jésù, gba gbogbo mi."