Ẹni Tó Dúró Lójú Títì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Ọládàpọ̀ ní Òkè-Àgbò, àdúgbò wa, oòrùn mú gan-an. Ó dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró, ó na akoto kan sí mi pé kí n dé e, kí òun gbé mi délé.

"Méjì ni mo máa ń gbé kiri," ó wí. "Mi kì í sì í sáré."

"Ẹ ṣeun. Ọ̀kadà ló pa bàbá mi."

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń ti ọ̀kadà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí mo fi délé. Òógùn bò ó. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lọ́kàn.

Olùkọ́ ìṣirò ni ní ìlú Awa, ọ̀kadà ló sì ń gùn lọ síbẹ̀. Èmi ń kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ní gbogbo àárọ̀ tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, àyà mi a máa já. Ọ̀nà yẹn kún fún kòtò, àwọn ọkọ̀ agbégẹdú sì ń sáré níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Tó bá ti dé, yóò pè mí: "Fáìzàh mi, mo ti gúnlẹ̀. Fọkàn balẹ̀."

Asimawu, ìyá mi, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Ọ̀kadà ti jẹ́ kí n sin ọkọ," ni wọ́n wí. "Mi ò ní sin àna kún un."

Ní Ọjọ́rú kan, òjò rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò sì dá. Aago mẹ́ta tí Ọládàpọ̀ máa ń ti Awa dé kọjá, kò pè mí. Mo pè é títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ní aago mẹ́rin, ẹnì kan tó ń ti Awa bọ̀ sọ níta wa pé ọlọ́kadà kan já sí kòtò lẹ́bàá afárá kékeré tó wà lọ́nà Awa.

"Lá iláha illallọ̀hu!" Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo sáré dé gáréèjì. Kò sí mọ́tò, ọ̀kadà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn tí mo ti gun ọ̀kadà kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹsẹ̀ mi yẹ̀ kí n tó lè jókòó.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ má wọ inú omi tẹ́ ò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ di ìjókòó mú, àǹtí. Èmi náà ní ọmọ nílé."

Ọkọ̀ agbégẹdú kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹrẹ̀ bò wá, ọ̀kadà mì, mo pariwo orúkọ Ọlọ́run. Mo dijú, àmọ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi wé bàbá mi ni mo ń rí.

Lójijì ni ọlọ́kadà tẹ búrẹ́kì. Ewé tútù tí wọ́n fi ń kìlọ̀ ewu wà lójú títì. Níwájú, ọkùnrin kan dúró nínú òjò, ó ń fi ọwọ́ kan juwọ́ sí àwọn tó ń bọ̀. Ọwọ́ kejì so rọ̀.

Ọládàpọ̀ ni.

Ẹ̀gbẹ́ afárá ti ya lọ, omi sì bo ihò náà. Òun ni ọlọ́kadà tó já sí i. Akoto rẹ̀ là, orí rẹ̀ kò là. Fóònù rẹ̀ ti mumi.

"Kí ló dé tó ò lọ sí ọsibítù?" Mo ń sunkún, mo ń bínú.

"Ta ni yóò sọ fún ẹni tó ń bọ̀? Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ará Awa, wọn ò tíì dé. Ọlọ́kadà mẹ́ta ni mo ti dá dúró, Fáìzàh. Ọ̀kan nínú wọn gbé obìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn."

Mo dúró tì í títí àwọn ọkùnrin fi gbé igi wá dí ojú ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi gbé ìkọ́kọrẹ́ wá sí ọsibítù. Wọ́n wo ọwọ́ Ọládàpọ̀ tí àwọn dókítà ti dì.

"Ọkọ̀ agbégẹdú tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà ni bàbá Fáìzàh lọ kọlù," ni wọ́n wí. "Kò sí ẹni tó já ewé kan sílẹ̀ fún un." Wọ́n bu oúnjẹ, wọ́n nà án sí i lẹ́nu. "Jẹun, ọmọ mi. Ní kí àwọn ẹbí rẹ wá bá wa."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n so wá pọ̀. Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé nikah wa, ó tún gbé ọ̀kadà jáde.

"Rọra o, olówó orí mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó lọ. Ìyá mi tó wá kí wa jáde wá, wọ́n di ọwọ́ mi mú, àwa méjèèjì sì jọ ń bẹ̀rù.